Bí Ẹ Ṣe Lè Tako Wíìlì Tí Òbí Yí Padà Nígbà Tó Ti Ń Ṣarán

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ẹ ń gbà béèrè rẹ̀, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni. Bàbá ti ń ṣarán, kò dá ọmọ tó wọlé wá kí i mọ̀ mọ́. Wọ́n sin ín tán, wọ́n bá mú wíìlì tuntun jáde, ilé tó yẹ kó kárí gbogbo ọmọ ti di ti ẹnì kan. Ṣé nǹkan kan wà tí a lè ṣe sí i?

Ó wà. Kóòtù lágbára láti sọ pé ìwé ìhágún náà kò dúró. Ṣùgbọ́n kì í ṣe igbe tí ẹ ké níbi ìpàdé ẹbí ni adájọ́ máa wò. Ohun tó máa wò ni bí làákàyè òbí yín ṣe rí lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí ìwé. Ọjọ́ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìsàlẹ̀ yìí dá lé.

Èkó àti àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù ni mo ní lọ́kàn. Ẹ̀yin tí òbí yín ní ilé sí Ìlú Ọba, apá tiyín wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lọ́yà ni yóò bá yín dé kóòtù. Mo kọ èyí kí ẹ má bàa dé ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́wọ́ òfo.

## Ohun mẹ́ta tí kò gba ìfọ̀rọ̀falẹ̀

- Ẹ má gba owó, kọ́kọ́rọ́ tàbí ìwé ilẹ̀ kankan lábẹ́ wíìlì tuntun náà. Bí ẹ bá ti gba ìpín tiyín, wọ́n á sọ ní kóòtù pé ẹ ti fara mọ́ ọn, wọ́n sì lè jàre.
- Ẹ lọ béèrè ní Probate Registry, ọ́fíìsì kóòtù tó ń rí sí wíìlì àti ogún, bóyá wọ́n ti fún àwọn alábòójútó ogún ní ìwé àṣẹ. Bí wọn ò bá tíì fún wọn, ẹ fi caveat, ìyẹn ìwé ìdádúró, sílẹ̀ kíá (Ìgbésẹ̀ 3).
- Ẹ pa fóònù tí fídíò tàbí ohùn òbí yín wà lórí rẹ̀ mọ́. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́, ẹ má gé fídíò kankan kúrú.

## Ohun tí adájọ́ máa fẹ́ mọ̀

Ìwé dókítà tó sọ pé Bàbá ní dìmẹ́ńṣíà (àìsàn ìṣarán) kò tó láti fi pa wíìlì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti ń wó. Òṣùwọ̀n tí àwọn kóòtù wa ń lò wá láti inú ẹjọ́ Banks v Goodfellow, tí wọ́n dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Ìbéèrè mẹ́rin ló bí:

1. Ṣé ó mọ̀ pé wíìlì ni òun ń ṣe, ṣé ó sì mọ ohun tí ìwé náà máa ṣe lẹ́yìn ikú òun?
2. Ṣé ó mọ ohun tí òun ní, ì báà má lè kà á lẹ́sẹẹsẹ?
3. Ṣé ó rántí àwọn tó yẹ kí òun rò mọ́ ogún náà, ìyàwó tàbí ọkọ, àwọn ọmọ, ẹni tí òun ń gbọ́ bùkátà rẹ̀?
4. Ṣé àìsàn ọpọlọ, irú bíi kó máa rò pé ọmọ kan fẹ́ fún òun ní májèlé jẹ, ló darí bó ṣe pín in?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa ẹjọ́ yẹn ni pé àwọn tó tako wíìlì náà ni wọ́n jẹ̀bi. John Banks ti wà nílé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ rí, ó sì gbà pé ọkùnrin kan tó ti kú ṣì ń lépa òun kiri. Síbẹ̀ wíìlì rẹ̀ dúró, torí àlá ojúmọmọ yẹn kò kan bó ṣe pín ohun ìní rẹ̀. Ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń kó ẹ̀rí jọ. Àgbà tó ń ṣarán lè ní òwúrọ̀ kan tí iyè rẹ̀ sọjí, tó máa bá yín sọ̀rọ̀ bíi ti àtijọ́ títí di ọ̀sán. Lọ́yà ẹ̀gbẹ́ kejì máa búra pé òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wíìlì.

Ẹjọ́ kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni Parker v Felgate ti 1883. Bí òbí yín bá ti sọ ohun tó fẹ́ fún lọ́yà nígbà tí làákàyè rẹ̀ pé, tí ara rẹ̀ wá burú kó tó fọwọ́ sí i, wíìlì náà lè dúró bó bá ṣáà mọ̀ pé ìwé tí òun rán lọ́yà nìyẹn. Nítorí náà, ọjọ́ méjì ni ẹ ń wá, ọjọ́ tó rán lọ́yà níṣẹ́ àti ọjọ́ tó fọwọ́ sí i.

Ta ló máa kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn? Johnson v Maja, tí West African Court of Appeal dá ní 1951, ṣì ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ẹni tó gbé wíìlì wá ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé ẹni tí làákàyè rẹ̀ pé ló ṣe é, bí òfin ṣe wí. Bí èyí bá ti tẹ́ adájọ́ lọ́rùn, ẹ̀yin tí ẹ ń takò ó ló kàn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó jogún jù bá jẹ́ ẹni tó wá lọ́yà, tó gbé Bàbá lọ síbẹ̀, tó sì jókòó tì í nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́, adájọ́ máa la ojú sílẹ̀ gidigidi.

## Ẹ̀sùn wo ni ẹ máa gbé lọ?

Làákàyè kò pé. Èyí ni òpó ẹjọ́ yín. Àwọn tó kù lè tẹ̀ lé e bí òótọ́ bá wà nínú wọn.

Kò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà. Ẹ̀sùn yìí bá ilé wa mu ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wíìlì, Yorùbá nìkan ni Màmá gbọ́, ojú rẹ̀ sì ti di bàìbàì. Ẹ wo ìparí ìwé náà níbi tó tẹ̀ka sí. Ṣé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n kà á fún un, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka? Ta ló túmọ̀ rẹ̀? Bí kò bá sí nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi kún ohun tí ẹ máa sọ fún lọ́yà.

Ìfọwọ́sí kò bófin mu. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pọ̀ nígbà tí òbí yín ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ìwé lọ bá ẹlẹ́rìí kejì nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wíìlì ti bàjẹ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ pé làákàyè Bàbá pé ṣáṣá. Bí ẹlẹ́rìí bá wà lára àwọn tó jogún ńkọ́? Wíìlì lè dúró, ìpín ti ẹlẹ́rìí yẹn ló máa ń bọ́ sọnù. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.

Wọ́n fipá darí rẹ̀. Ó le láti fi hàn ju bó ṣe rí lẹ́nu lọ, ẹ̀yin ni ẹ ó sì fi í hàn. Kí ọmọ bẹ òbí, kó sunkún sí i lẹ́sẹ̀, kó máa gbọ́únjẹ aládùn fún un, kò tíì di ipá. Ó ní láti jẹ́ pé ìfẹ́ inú òbí gan-an ni wọ́n tẹ̀ rì: wọ́n sé e mọ́lé, wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n halẹ̀ pé àwọn ò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Ayédèrú ni. Ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Evidence Act ti 2011 (òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀rí), abala 135, sọ pé bí ẹ bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹnikẹ́ni, kódà nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn tí kò ní kù síbì kan. Ẹrù ńlá ni ẹ fẹ́ gbé yẹn, nígbà tó jẹ́ pé òtítọ́ lè jẹ́ pé Bàbá ló fọwọ́ sí i, tí kò sì mọ ohun tó ń ṣe.

Wọ́n ti fi nǹkan dè é. Ẹ fi èyí sílẹ̀ nílé. Kò sí adájọ́ tó máa gbà á wọlé, ó sì máa ba ẹ̀rí gidi jẹ́. Bó bá jẹ́ oògùn oorun tàbí oògùn ìrora tí dókítà kọ ni wọ́n ń fún un ní àfúnjù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìwé tí dókítà fi kọ oògùn náà jẹ́ ẹ̀rí.

Ohun tó fi sínú wíìlì kì í ṣe tirẹ̀. Ilé tí Bàbá àgbà fi sílẹ̀ láìṣe wíìlì, tó ti di ilé ẹbí, ẹnì kan ò lè fi wíìlì fún ọmọ rẹ̀ nìkan. Bó bá jẹ́ irú ilé yìí ni ìjà dá lé, ẹ ò tilẹ̀ nílò láti fi hàn pé Bàbá ń ṣarán. Ẹ wo èyí kí ẹ tó náwó sórí dókítà.

## Ìgbésẹ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé

1. Ẹ rí i pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́. Ọmọ, ìyàwó, ọkọ, tàbí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú wíìlì àkọ́kọ́ lè takò ó. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìta náà lẹ́tọ̀ọ́; abala 42(2) nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 kò gbà kí wọ́n fi bí wọ́n ṣe bí ẹnikẹ́ni dù ú ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ọjọ́ ìbí yín àti ìwé ìgbéyàwó jọ.

2. Ẹ wá gbogbo wíìlì tó wà, kì í ṣe tuntun nìkan. Èkó ní Probate Registry ní Ìkẹjà àti ní Erékùṣù Èkó. Ní ìpínlẹ̀ yòókù, ó wà lọ́dọ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n gbé wíìlì wá síbẹ̀ àti ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì san owó ẹ̀dà tí kóòtù fi òǹtẹ̀ lù. Ẹ wá ti àtijọ́ lọ́dọ̀ lọ́yà àtijọ́, ní báńkì, nínú àpótí Bàbá. Ẹ wá tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ohun tó yí padà.

Ẹ má fo ìṣirò yìí: *bí ẹ bá borí, kí ló máa kàn yín?* Bí wíìlì tuntun bá ṣubú, ti àtijọ́ ló máa padà dìde. Bí ti àtijọ́ náà kò bá dárúkọ yín, asán ni owó tí ẹ ná. Bí kò bá sí ti àtijọ́ rárá, ìdílé máa pín in bíi ti ẹni tí kò ṣe wíìlì: ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí bó bá jẹ́ àṣà ló fi gbéyàwó, tàbí lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ tó wà fún ogún bó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù. Mo mọ̀ pé ìbínú kì í jẹ́ kí èèyàn jókòó ṣe ìṣirò. Ẹ jókòó ṣe é.

3. Ẹ fi caveat sílẹ̀. Ìwé kékeré tó sọ fún Registry pé "ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ lórí ogún yìí láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi." Oṣù mẹ́ta ló ń lò ní Èkó. Ẹ kọ ọjọ́ tó máa parí sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ tún un ṣe kí ọjọ́ yẹn tó pé. Ẹ̀gbẹ́ kejì lè fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ pé kí ẹ wá sọ ohun tó kàn yín níbẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n máa ń fún yín láti dáhùn, iye rẹ̀ sì máa wà nínú ìwé náà. Bí ẹ bá dákẹ́, caveat yín lè ṣòfò.

Caveat ò dá ẹjọ́ kankan. Ó kàn ń ra àkókò fún yín ni.

4. Ẹ kọ ìtàn òbí yín ní ọjọ́ sí ọjọ́. Ojú ìwé kan tàbí méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó rí i, ìwé tó gbè é lẹ́sẹ̀. Àpẹẹrẹ rèé:

- Oṣù Kẹta 2021: Màmá ṣìnà bó ṣe ń bọ̀ láti ọjà. Aládùúgbò ló mú un wálé. Ẹlẹ́rìí: aládùúgbò náà.
- Oṣù Kẹjọ 2021: dókítà kọ ọ́ sínú fáìlì pé iyè rẹ̀ ń ra. Ẹ̀rí: káàdì ilé ìwòsàn.
- Oṣù Kìíní 2022: ó ń béèrè Bàbá, ẹni tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rí: ohùn lórí WhatsApp.
- Oṣù Kejì 2022: ọjọ́ wíìlì tuntun.
- Oṣù Kẹta 2022: kò dá ẹ̀gbọ́n wa mọ̀. Ẹlẹ́rìí: nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ohun tó sún mọ́ ọjọ́ wíìlì jùlọ ló wúlò jùlọ. Ìtàn ọdún márùn-ún ṣáájú kàn ń fi ojú ọ̀nà hàn ni.

5. Ẹ kọ lẹ́tà sí lọ́yà tó ṣe wíìlì náà. Ẹ béèrè nǹkan wọ̀nyí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀:

- Ta ló kọ́kọ́ pè yín, ta ló sì san owó iṣẹ́?
- Ọjọ́ wo ni òbí wa sọ ohun tó fẹ́, ta ló sì wà nínú yàrá?
- Ṣé òun nìkan lẹ bá sọ̀rọ̀ rí?
- Ṣé ẹ bi í ní iye ọmọ rẹ̀ àti ohun tó ní?
- Kí ló sọ pé ó fà á tí òun fi yí ti àtijọ́ padà?
- Ṣé dókítà wá wò ó lọ́jọ́ náà?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ní ìdí. Bí àgbà bá ti darúgbó tàbí tó ń ṣàìsàn, ohun tó tọ́ kí lọ́yà ṣe ni kó pe dókítà wá ṣe ẹlẹ́rìí sí i. Bí kò bá pè é, ìyẹn nìkan kò pa wíìlì, àmọ́ àlàfo ńlá ló ṣí sílẹ̀ fún yín.

6. Ẹ wá fáìlì ilé ìwòsàn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so ìwé ẹ̀rí ikú àti ìwé tó fi hàn pé ọmọ rẹ̀ ni yín mọ́ ọn. Wọ́n lè sọ pé àṣírí aláìsàn ni. Ẹ má bá nọ́ọ̀sì jà, kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n mú un wá. Ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀ ni ohun tí dókítà kọ nígbà tó ń tọ́jú rẹ̀, èsì ìdánwò iyè (èyí tí wọ́n ń fi máàkì 30 ṣe ni wọ́n máa ń lò jù), àwòrán ọpọlọ bó bá wà, àti orúkọ oògùn. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níwúlò ju èyí tí ẹ bá háyà lẹ́yìn ikú lọ, torí ẹni kejì yìí kò rí i rí.

7. Ẹ lọ bá àwọn tó wà nílé. Olùtọ́jú, awakọ̀, ẹni tó ń gbọ́únjẹ, aládùúgbò, akọ̀wé báńkì tó máa ń dá a lóhùn, pásítọ̀ tàbí àlùfáà tó máa ń wá gbàdúrà fún un. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fojú rí, kì í ṣe èrò wọn. "Ó ń ṣarán" kò tó nǹkan. "Ó fi ṣúgà sínú ọbẹ̀, ó sì ní èmi ni ìyá òun" ti tó nǹkan. Ẹ má fún ẹlẹ́rìí lówó ju owó ọkọ̀ lọ.

8. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà pẹjọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga. Lábẹ́ òfin ìlànà kóòtù Èkó, ìwé ìpẹ̀jọ́, orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n búra sí, àti ẹ̀dà gbogbo ìwé ẹ̀rí ni ẹ máa kó sílẹ̀ pọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí Ìgbésẹ̀ 4 sí 7 fi wà ṣáájú eléyìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sáré pẹjọ́ kó tó wá ẹlẹ́rìí máa san owó lẹ́ẹ̀mejì.

9. Ẹ dáàbò bo ohun ìní náà. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà bẹ kóòtù fún àṣẹ ìdádúró, kó sì fi ìwé ìkìlọ̀ sí Lands Registry. Ẹ lè kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri bó bá wù yín. Ó ń lé oníbàárà díẹ̀ sá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í ṣe àṣẹ kóòtù, ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń kùn ún.

Bí wọ́n bá ti gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó gbọ́ ńkọ́? Caveat ti kọjá àsìkò, àmọ́ ẹjọ́ ò tíì parí. Ẹ lè pẹjọ́ kí kóòtù gba ìwé àṣẹ náà padà lọ́wọ́ wọn. Ìgbésẹ̀ 9 ló wá di àkọ́kọ́.

## Fídíò, ohùn àti WhatsApp

Àwọn ọmọ òde òní ní ẹ̀rí lọ́wọ́ láìmọ̀. Àmọ́ abala 84 nínú Evidence Act kò jẹ́ kí ẹ kàn na fóònù sí adájọ́. Ìwé ẹ̀rí gbọ́dọ̀ bá a rìn tó sọ irú ẹ̀rọ tó gba ohùn náà sílẹ̀ àti pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Lọ́yà ló máa kọ ọ́, àmọ́ ẹ̀yin lẹ máa pa fóònù gan-an mọ́. Fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́ ní gúrúùpù ẹbí kò lágbára tó èyí tó wà lórí fóònù ẹni tó yà á.

Ẹ mọ̀ pé àwọn náà lè ní fídíò. Ó ti di àṣà kí wọ́n ya Bàbá nígbà tó ń fọwọ́ sí i. Ẹ fara balẹ̀ wò ó: ta ló ń sọ̀rọ̀ jù? Ṣé Bàbá ń sọ ti inú rẹ̀, àbí "bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni" ló ń wí sí gbogbo ìbéèrè?

## Àṣìṣe tó ń ba ẹjọ́ jẹ́

- "Ẹ jẹ́ ká ṣe ogójì ọjọ́ tán ná." Ẹ ṣe ìsìnkú, kí ẹnì kan lára yín sì lọ sí Registry lọ́sẹ̀ kan náà.
- "Èmi ni next of kin rẹ̀ ní báńkì." Ìyẹn kò sọ yín di ajogún. Ẹni tí báńkì máa pè ni ẹ.
- Ìwé ẹ̀bùn. Bí Bàbá bá ti fi ìwé gbé ilé fún ọmọ kan nígbà ayé rẹ̀, ilé náà kò sí nínú wíìlì mọ́. Bí ẹ bá pa wíìlì náà, ilé ò ní padà. Ẹjọ́ mìíràn ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì jọra. Ẹ wádìí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.
- Bíbú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lórí WhatsApp. Wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún adájọ́.
- Kíkó ẹrù Bàbá kúrò nílé kí kóòtù tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ máa wá di olùjẹ́jọ́.

## Ṣé kóòtù nìkan ni?

Rárá, mi ò sì ní fi pa mọ́ pé n kò fẹ́ràn kóòtù fún gbogbo ẹjọ́ ogún. Wọ́n lè ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó lọ́yà á sì máa jẹ nínú ilé tí ẹ ń jà lé lórí. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí ìdajì nínú ẹjọ́ làákàyè: wíìlì dúró tàbí kó ṣubú.

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan kí ẹ tó pẹjọ́. Ṣé ẹni tó jogún jù ni ẹni tó ń wẹ̀ Bàbá, tó ń pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀? Bó bá jẹ́ òun ni, adájọ́ lè wò ó pé òbí tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìpín tó pọ̀ jù kò ṣarán rárá. Ìbéèrè kẹta ti Banks v Goodfellow ló dáhùn dáadáa yẹn. Irú ẹjọ́ báyìí ni mo máa ń gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n parí rẹ̀ nílé.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀:

- Àgbà ẹbí, bí gbogbo yín bá ṣì ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé, pẹ̀lú ìfọwọ́sí gbogbo ọmọ.
- Lagos Multi-Door Courthouse, ibi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí ìjà láìgbẹ́jọ́, tó ti wà láti 2002, tàbí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó. Ẹ jẹ́ kí àdéhùn náà di ìdájọ́ kóòtù, kí ẹnikẹ́ni má bàa yí ọ̀rọ̀ padà.
- Ẹ̀bẹ̀ fún ìtọ́jú. Òfin Wíìlì ti Èkó jẹ́ kí ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ tí wíìlì kò tọ́jú tó lọ bẹ kóòtù pé kí wọ́n fún òun ní ohun tó tọ́ nínú ogún náà. Ẹ ò nílò láti fi hàn pé Bàbá ń ṣarán. Oṣù mẹ́fà péré lẹ ní láti ọjọ́ tí ìwé àṣẹ jáde.

Bí owó lọ́yà kò bá sí, ẹ lọ sí Legal Aid Council, tàbí Office of the Public Defender bó bá jẹ́ Èkó.

## Bí òbí yín bá ṣì wà láàyè

Ẹnikẹ́ni ò lè tako wíìlì ẹni tó wà láàyè. Ìwé náà kò tíì ní agbára. Ohun tí ẹ lè ṣe:

- Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, irú bí èyí tó wà ní UCH Ìbàdàn, kí wọ́n ṣe ìdánwò iyè fún un, kó sì wà nínú fáìlì.
- Kí gbogbo ọmọ jọ mọ ẹni tó ń bójú tó káàdì báńkì àti ìwé ilẹ̀ rẹ̀.
- Bó bá fẹ́ yí wíìlì padà nígbà tí làákàyè rẹ̀ ṣì pé, ẹ jẹ́ kí lọ́yà tí òun fúnra rẹ̀ yàn bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan, kí dókítà sì wà níbẹ̀. Èyí ń dáàbò bo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jogún pẹ̀lú.

Ẹ má ṣe mú un lọ tẹ̀ka sí wíìlì kẹta láti fi gbẹ̀san. Ohun tí ẹ fẹ́ tako ni ẹ tún ń ṣe yẹn.

## Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín kan Ìlú Ọba

Ilé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù England ló máa gbọ́ ọ. Ilé tó wà ní Ìbàdàn, ti Nàìjíríà ni. Wíìlì kan náà lè bí ẹjọ́ méjì.

Ní England àti Wales, £3 ni owó caveat, oṣù mẹ́fà ló ń lò, ẹ sì lè tún un ṣe. Lẹ́tà ìbéèrè tó wà ní Ìgbésẹ̀ 5 wọ́pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Lẹ́tà Larke v Nugus ni wọ́n ń pè é, láti ara ẹjọ́ 1979, àwọn lọ́yà ibẹ̀ sì mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn dáhùn. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ìtọ́jú lábẹ́ òfin 1975 tiwọn, oṣù mẹ́fà ni lẹ́yìn tí ìwé àṣẹ bá jáde.

Bí ẹjọ́ bá wà ní Èkó tí ẹ̀yin sì wà ní Peckham, ẹ lè búra sí ọ̀rọ̀ yín níwájú notary (ẹni tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra) níbẹ̀, kí ẹ sì fún ẹnì kan nílé ní ìwé àṣẹ láti ṣojú yín. Ẹ yan ẹni tí kò sí nínú wíìlì méjèèjì.